Ọkọ̀ Tí Mo Bá Wọn Parí

Ẹ̀yin ará Challenge tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí, mo ti jókòó báyìí kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, ibi tí mo bá rántí ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, ẹ ó sì rò pé irọ́ ni mò ń pa. Oṣù méje péré ni mo lò níbẹ̀. Àwọn kan ní mo sanra dé, àwọn kan ní mo dúdú sí i, ìyàwó mi ní mi ò sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo yín lẹ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an, kò tíì sí ẹni tó bi mí nípa rẹ̀.

Gàníyù ni orúkọ mi, jórinjórin ni mí. Ọmọ Ṣakí ni bàbá mi, Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi sí. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi, géètì ńlá aláwọ̀ ewé tó fara ti ògiri níwájú rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Alhaji kan tó ń kọ́lé sí Bódìjà ló ní kí n ṣe géètì náà. Mo ṣe é tán, mo pè é, kò wá. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́ta kọjá, ó di ọdún kẹfà. Mo ní kí n gé e, kí n fi irin rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, Ráfíátù ìyàwó mi ló dá mi dúró. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ má gé e o. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣófo, ta ló máa yà síbẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí iṣẹ́ ò bá sí, mo máa ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin jáde, màá lọ ojú géètì yẹn díẹ̀, kí iná máa ta, kí àwọn tó ń kọjá lè yíjú. Oníbàárà tí géètì yẹn ti mú wọlé fún mi kò lóǹkà. Ẹ fi í sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Ohun tó lé mi kúrò nílé

Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Ẹni tó ń kọ́lé dúró sórí ìpìlẹ̀, ẹni tó sì kọ́ ọ dé òrùlé ń fi pákó dí ẹnu ọ̀nà. Irin di ohun tí èèyàn ń bèèrè, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bá tirẹ̀ lọ. Àsìkò yẹn ni Diekọ́lá pè mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Diekọ́lá, akunlé ni, ìgbà tó wà ní Ring Road òun ló ń bá mi kun gbogbo géètì mi. Ó ti tó ọdún méjì tó ti wà ní Pólándì, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ọkọ̀ kan wà níbí tí kò tíì parí. Àwọn ọ́fíìsì tó ń darí ọgbà ń wá jórinjórin tó mọṣẹ́. Ẹ wá ṣe ìdánwò wọn."

Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege. Ìwé tí wọ́n fún mi kò ṣòro láti lóye: níwọ̀n ìgbà tí ọgbà náà bá ń ṣiṣẹ́, mo lè máa gbé ìlú wọn, lẹ́yìn ọdún kan mo sì lè kó Ráfíátù àtàwọn ọmọ wá. Bí ọgbà bá tì, mò ń padà bọ̀ wálé nìyẹn. Nítorí náà, kí n tó fojú kan ọgbà yẹn ni mo ti ń gbàdúrà fún un ní gbogbo ìrun márààrún.

Ìbọ̀wọ́

Ìlú kékeré kan létí òkun ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìdákẹ́jẹ́ fún mi. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo bá èèyàn bíi mẹ́wàá ní ibùdókọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n tọ́ ní ibi tí a ti ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, mo ní ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí bàbá tó wà níwájú dé orí ọmọbìnrin tó mú ajá dání lẹ́yìn. Ajá yẹn nìkan ló dá mi lóhùn.

Mo dúró, ojú ń tì mí, ọwọ́ mi ti kú. Bí ọkọ̀ wọn ṣe ń bọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí kò jẹ́ mi nígbà tí mo kí i súnmọ́ mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ̀ mí bí ìgbà tí èèyàn ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́, ó bá wọ ọkọ̀ lọ. Ẹni tí kò lè dáhùn ẹ káàárọ̀ ló bọ́ ìbọ̀wọ́ fún àlejò tí kò mọ̀ rí. Kò yé mi. Ẹ ó rí "kò yé mi" níbi púpọ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú.

Ọwọ́ àárọ̀

Ọgbà náà tóbi débi pé ẹ lè kó gbogbo ọjà Bódìjà sínú rẹ̀, kí àyè ṣì kù. Kòtò ńlá méjì ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Nínú ọ̀kan, koríko ti hù. Nínú èkejì ni ọkọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí wà. Ká ní ẹ dá Cocoa House ní Dùgbẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe gùn tó nìyẹn. Lára ògiri ilé ìjẹun wọn, àwòrán àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ kún inú ọgbà bí èrò yídì lọ́jọ́ Iléyá. Àwa tí a kù kò ju èrò bọ́ọ̀sì méjì lọ.

Àwọn èèyàn tí kì í kíni níta yìí, bí wọ́n bá ti wọ inú ọgbà báyìí, ìwà wọn á yí padà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, gbogbo ọkùnrin ló ń bọ gbogbo ọkùnrin lọ́wọ́. Wọn kì í fo ẹnì kankan. Bí o bá wà lókè àkàbà, ẹni tó kẹ́yìn á gùn ún wá bá ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ ná, wọ́n á fún ọwọ́ rẹ le, wọ́n á mi orí, ó tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ń ti ojú oorun retí ọwọ́ àárọ̀ yẹn.

Ẹni tí mi ò kọ́kọ́ lóye ni ọ̀gá wa, Bàbá Máréékì. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n ti fi ọdún díẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi rìn rí, nítorí náà wọ́n gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ kí wọn, mo dúró níta yàrá iṣẹ́ wọn, mo na ọwọ́ wọlé sí wọn. Wọ́n fa ọwọ́ tiwọn sẹ́yìn bí ẹni tí irin gbígbóná fẹ́ jó. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní ó dáa náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí èèyàn dúdú tí a máa ń gbọ́ nìyí. Kí n tó ronú tán, wọ́n ti di apá aṣọ mi mú, wọ́n fà mí wọnú yàrá, wọ́n wá bọ̀ mí lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀.

Diekọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ wọn ni. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé, tí ẹnì kejì wà níta, wọn kì í bọra wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ó máa ń ba nǹkan jẹ́." Ara mi balẹ̀. Ìyá tèmi náà kì í jẹ́ ká dúró lẹ́nu ọ̀nà tí òjò bá ń rọ̀.

Àwọn ọkọ̀ tó ń retí ẹrù

Láti òkè ọkọ̀ wa, èèyàn lè rí òkun dáadáa. Mo rí ọkọ̀ ńláńlá bíi méje tó dúró sójú kan lókèèrè. Wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣì ń rí wọn níbì kan náà, mo bi Bàbá Máréékì pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

"Ẹrù," ni wọ́n wí.

"Ẹrù wo, sà?"

"Ẹrù tí kò sí. Àwọn èèyàn ò ra ọjà mọ́. Ọkọ̀ ti pọ̀ ju ohun tó máa gbé lọ."

Mo ní, "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa, ọjà là ń wá. Bí mo bá lọ ra irin, wọ́n á ní ó wọ́n torí ọkọ̀ ò gbé e wá."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Níbí, wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀yin lẹ ò rà á mọ́."

Àwa méjèèjì jọ ń wo àwọn ọkọ̀ náà. Àwa ń wá ẹrù, ọkọ̀ ń wá ẹrù, òkun ò sì gbẹ. Ta ló wá dí ọ̀nà? Mo ti da ọ̀rọ̀ yìí rò síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò tíì là sí mi.

Ọbẹ̀ pupa

Ẹ ò ní dárí jì mí bí mi ò bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì mi nílé ìjẹun, wọ́n gbé ọbẹ̀ pupa kan ka iwájú mi, tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ò gbàgbé mi, ata rèé. Mo bu ṣíbí kan tó kún dẹ́nu, mo ti ń múra láti fa imú. Ó dùn bíi ṣúgà, ó sì kan bí omi ògì. Gbòǹgbò pupa kan tó jọ iṣu kékeré ni wọ́n fi sè é, ata kankan ò débẹ̀. Mo gbé e mì torí pé gbogbo tábìlì ń wò mí.

Bàbá Máréékì ló ṣàkíyèsí pé mi ò fọwọ́ kan ẹran. Mo ṣàlàyé fún wọn pé a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń ṣáájú mi wọ ilé ìjẹun lójoojúmọ́, wọ́n á bi obìnrin tó ń bu oúnjẹ pé èwo ni ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ìka hàn mí: èyí ni, èyí kọ́. Ọmọ ìyá mi gan-an lè má ṣe irú rẹ̀ fún mi. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe yìí bí ẹ bá dé ibi tí mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

"Rọra"

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi mí sí, níbi tí àwọn yàrá irin kéékèèké wà, tí wọn ò tíì jó tán. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà nítòsí mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Wọ́n á jó ibì kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á lọ ọ́ kúrò, wọ́n á lọ mu kọfí, wọ́n á padà wá jó o bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n lọ kúrò ò lábàwọ́n rárá. Mo fi ojú ara mi rí i.

Bàbá Máréékì sì ń wá lójoojúmọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo iṣẹ́ mi, wọ́n á ní, "Gàní, rọra."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní àṣé wọ́n rò pé èmi ni irú jórinjórin tí géètì rẹ̀ ń já kí onílé tó wọlé tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ nípa àwa oníṣẹ́ ọwọ́ Ìbàdàn, pé "ọ̀la" wa kì í pé. Èmi yàtọ̀. Bí mo bá ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni. Ohun tí mo fi ń gbéra ga nìyẹn ní gbogbo Challenge, mo sì pinnu pé màá fi hàn wọ́n. Mo ń wọlé ṣáájú gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá ń mu kọfí, èmi ń jórin. Bí wọ́n bá tún ní rọra, màá ní "yes, sà," màá tún fi kún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo parí ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún odindi ìgbà òtútù. Ẹni tí olówó ọkọ̀ rán wá yẹ iṣẹ́ wò dé. Ó fi iná wò ó, ó fi ẹ̀rọ wò ó, kò rí ihò abẹ́rẹ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ wá, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ní torí mi, ọkọ̀ máa wọ omi lóṣù tó ń bọ̀. Mo wo ẹ̀yìn kí n lè rí ojú àwọn tó kù. Òun nìkan ló ń pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ nínú àpò

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo na ọwọ́ sí ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá. Ó mi orí, ó kọjá. Ẹnì kejì ki ọwọ́ bọ àpò. Mo lọ bá àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Mo dúró láàárín ọgbà, ọwọ́ mi wà níta, yìnyín ń bọ́ sí i. Kí ni mo ṣe? Mo ṣiṣẹ́, wọ́n yìn mí, ìkórìíra wá tẹ̀ lé e. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní pa á mọ́.

Lọ́sàn-án, mo wá Diekọ́lá lọ sí ilé ìjẹun.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti parí ẹ̀?"

"Ṣé kí n má parí ẹ̀ ni?"

"Háà! Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan máa gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó kẹ́yìn nìyí. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan ń bọ̀ láti ìlú mìíràn wá wo ọgbà yìí, wọ́n fẹ́ kan ọkọ̀ èrò méjì. Bàbá Máréékì fẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n rí iná tó ń ta. Àwọn ọ́fíìsì lókè ní ká ṣáà gbé ọkọ̀ fún olówó ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbé iṣẹ́ fún ọgbà tí koríko nìkan wà nínú ẹ̀?"

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ta ló ń fi irú ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní géètì Alhaji níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti bá yín kùn ún? Mo rò pé bí ẹ bá ti fojú kan ọkọ̀ yìí, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n."

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ti máa ń pa òwe yẹn fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń lọ géètì tí kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbà á, mo wá rìn láti Challenge dé etí òkun àwọn ẹlòmíràn, mo bá géètì tiwọn nílẹ̀, mo sì bá wọn parí ẹ̀.

Nílé Bàbá Máréékì

Ẹni tó bá ṣẹ àgbà, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú ata gígún tí Ráfíátù dì fún mi, n kò ní ohun mìíràn tó ṣeé gbé fún èèyàn. Mo kan ilẹ̀kùn. Bí Bàbá Máréékì ṣe ṣí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yìnyín. Wọ́n figbe ta. Wọ́n rò pé mo dákú ni! Ìyàwó wọn sáré jáde, ọ̀kan di apá mi mú, èkejì di ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbé mi wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n ń wá ibi tó ń dùn mí. Ó pẹ́ kí n tó ráyè ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e. Màá lọ gbogbo ẹ̀ kúrò, màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹ̀rín wọn. "Wọ́n ti fọwọ́ sí i, Gàní. Mo sọ fún ọ pé kí o rọra."

"Mo rò pé ẹ rò pé mi ò mọṣẹ́ ni."

"Ká ní o ò mọṣẹ́, mi ò bá tí sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo rí ibi àkọ́kọ́ tí o jó, ẹ̀rù bà mí."

Wọ́n sọ fún mi pé bàbá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn, àwọn náà wọ ibẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọn ò fẹ́ ju ohun kan ṣoṣo lọ, kí wọ́n fi ọgbà náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń jẹ oúnjẹ tí ìyàwó wọn gbé wá, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe náà láti kékeré, àfi kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá wá máa kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tì mí lójú gan-an.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, níṣojú gbogbo èèyàn, Bàbá Máréékì bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì kò bọ̀ mí lọ́wọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò sì bá wọn jà.

Ọkọ̀ wọ omi

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọ omi, àwọn ará ìlú wá wò ó. Wọ́n fọ́ ìgò ọtí mọ́ ọn lára, bí àṣà wọn. Wọ́n ṣí omi sínú kòtò, omi ń ga, ọkọ̀ náà mì díẹ̀, ó gbéra nílẹ̀. Orí mi wú, ẹ má purọ́ fún ara yín, orí tiyín náà ì bá wú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń léfòó lórí omi! Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin kan ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìbànújẹ́. Ọkọ̀ kéékèèké méjì fà á jáde sójú òkun.

Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n fà á lọ. Ẹ̀gbẹ́ àwọn méje tó ń retí ẹrù ni wọ́n fi í sí. Olówó rẹ̀ ò ní ẹrù tó máa gbé. Láràárọ̀ tí mo bá ṣí fèrèsé, mo ń rí i níbẹ̀, ìkẹjọ wọn, ọkọ̀ tí mo sáré parí.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tí a ń retí dé. Bàbá Máréékì tò wá káàkiri ọgbà, wọ́n fún kálukú ní irin tí kò wúlò fún nǹkan kan, wọ́n ní ká máa lọ ọ́. Iná ń ta níbi gbogbo. Mo fi gbogbo agbára lọ tèmi, torí èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn jù nínú gbogbo wọn. Àwọn àlejò náà rìn yí ká, wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n ya àwòrán kòtò méjèèjì tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá wọn ti jáde sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó rántí, ló bá na ọwọ́ padà wọlé sí Bàbá Máréékì. Mo rí ojú bàbá. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Èèyàn kì í kọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fúnni, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ọgbà pa. Diekọ́lá ní ẹ̀bi mi kọ́, gbogbo ayé ni ò kan ọkọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ní èmi ni. Ìyàwó Bàbá Máréékì ní ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Bí mo bá gbọ́ ti ẹnì kan, ó máa jọ òótọ́ lójú mi, títí màá fi gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, Bàbá Máréékì wá sí ilé tí mò ń gbé. Mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́ láti ìta, bí ẹni pé kò sí ohun tó kù láti bà jẹ́ mọ́. Mi ò gbà á. Mo di apá aṣọ wọn mú, mo fà wọ́n wọlé, mo wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Challenge

Ráfíátù ò jẹ́ kí n sinmi lọ́jọ́ tí mo dé. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní àfi kí n wá wo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a débẹ̀, mo dúró sójú kan. Ibi tí géètì wà lára ògiri ti mọ́ yàtọ̀ sí ìyókù, ihò igun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

"Alhaji wá!" ni Ráfíátù wí. "Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Wọ́n ti parí ilé Bódìjà. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá, mo sì rí i pé wọ́n gbé e lọ láìfarapa. Bàbá Kúdí, ṣé ẹ ò ní kí mi ni?"

Mo ní, "O ṣeun gan-an ni." Mo wá bi í pé, "Láti ìgbà yẹn ńkọ́, ta ló ti yà síbí?"

Ó ronú. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni kankan."

Ọjọ́ kẹta, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kó irin tó ṣẹ́kù jọ, mo wọn ọ́n, mo tò ó sílẹ̀ níta níbi tí gbogbo èèyàn máa ti rí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ráfíátù gbé omi wá fún mi, ó dúró, ó ń wò.

"Bàbá Kúdí, ta ló ni géètì?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á?"

Èmi tí Ọjọ́bọ̀ mi kì í di Ọjọ́ Ẹtì, mo dá a lóhùn pé kò sí ìkánjú. Mo gbé ẹ̀rọ, mo lọ ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kúrò, mo sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í tún un jó.